Ọwọ́ Ọmọdé Nínú Ìkòkò Frejon

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Gúdù Fúráídè, mo máa ń tẹ́ ẹní sí pálọ̀, màá da kóńgò ẹ̀wà 2 sórí tírè ńlá, màá sì pe àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí wọ́n jókòó yí i ká. Èyí àgbà ti pé ọdún 10, èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ 7, àbíkẹ́yìn ò tíì ju 4 lọ. Ẹ̀wà ni wọn ó ṣà. Òkúta wà nínú rẹ̀, èyí tí kòkòrò ti lu wà nínú rẹ̀, pàǹtírí oko náà sì wà níbẹ̀. Ojú àbíkẹ́yìn ló mú jù. Bó bá rí òkúta kan, á gbé e sókè bí ẹni rí wúrà he, gbogbo wa gbọ́dọ̀ wò ó kó tó jù ú sínú ife. Wákàtí kan la máa ń lò nídìí iṣẹ́ tí èmi nìkan lè fi ìṣẹ́jú 15 parí, n kì í sì í kán wọn lójú.

Ẹni tí kò bá ní ẹbí ní Ìsàlẹ̀ Èkó lè má mọ frejon. Ẹ̀wà ni, tí a sè títí tó fi rọ̀ dáadáa, tí a lọ̀, tí a sẹ́, tí a wá fi wàrà àgbọn àti ṣúgà tún sè títí tó fi ki bí ẹ̀kọ mímu. Ọbẹ̀ ata ẹja ni a fi ń jẹ ẹ́, a ó sì fọ́n gààrí Ìjẹ̀bú lé e lórí. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí. Ẹ̀wà tí a fi ata, àlùbọ́sà àti epo pupa sè ni mo bá dàgbà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fi ẹnu kan frejon nílé ọkọ, ó yà mí lẹ́nu gan-an pé ẹ̀wà lè dùn báyẹn, mo sì rọra gbé ṣíbí sílẹ̀. Ìyá ọkọ mi rí mi. Wọn ò bi mí léèrè, wọ́n bu ọbẹ̀ ata sí i, wọ́n fọ́n gààrí lé e, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ẹ tún un tọ́ wò." Ibẹ̀ ni ó ti yé mi. Adùn ẹ̀wà ń pẹ̀tù sí ata, kíkan gààrí ń gé ọ̀rá àgbọn, ẹja sì wà láàárín wọn. Bí a bá yọ ẹyọ kan kúrò, kò pé mọ́.

Orúkọ oúnjẹ náà fi ibi tó ti wá hàn. Feijão ni àwọn Potogí ń pe ẹ̀wà. Òun ló di frejon lẹ́nu ará Èkó. Àwọn baba ńlá ọkọ mi wà lára àwọn Yorùbá tí ogun kó lẹ́rú nígbà tí ilé Ọ̀yọ́ ń tú, tí wọ́n tà sí Bahia ní ilẹ̀ Brazil. Ní oṣù January ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí ọmọ Áfíríkà, ẹrú àti ẹni tó ti gba òmìnira, dìde ogun ní ìlú Salvador. Nígbà tí ìjọba ṣẹ́gun wọn tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ni àwọn olómìnira lára, ó lé àwọn kan kúrò nílùú, ọ̀pọ̀ sì fi ẹsẹ̀ ara wọn wá ọkọ̀ tí yóò gbé wọn padà sílé. Wọ́n ń bọ̀ bẹ́ẹ̀ títí Brazil fi tú gbogbo ẹrú sílẹ̀ ní 1888, àti lẹ́yìn ìgbà náà. Àwọn kan gúnlẹ̀ sí Ouidah, àwọn kan sí Porto-Novo; àwọn tó gúnlẹ̀ sí Èkó tẹ̀dó sí àdúgbò tí a ń pè ní Pópó Àgùdà, ní sàkáání Campos Square. Àgùdà ni wọ́n sọ wọ́n. Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ẹ̀sìn wọn débi pé títí dòní, bí àgbàlagbà bá ní òun ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà, ti Kátólíìkì ló ń wí.

Bíríkìlà wà nínú wọn, káfíńtà wà nínú wọn, télọ̀ náà wà níbẹ̀, gbogbo wọn sì kó ọwọ́ iṣẹ́ wọn bọ̀. Àwọn obìnrin kó ìkòkò bọ̀. Àwọn ará Bahia ṣì ń se oúnjẹ yìí lásìkò Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, feijão de leite ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ẹ̀wà oníwàrà, àgbọn náà sì ni wàrà rẹ̀.

Kí ló dé tó jẹ́ Gúdù Fúráídè? Ọjọ́ ààwẹ̀ ni. Òfin Ìjọ Kátólíìkì ni pé ẹni tó bá ti pé ọdún 18 títí dé 59 kò gbọdọ̀ jẹ ju oúnjẹ àjẹyó kan lọ lọ́jọ́ náà, ẹni tó bá sì ti pé 14 kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan ẹran. Oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo náà gbọ́dọ̀ gbé inú ró, ẹran ò sì gbọdọ̀ sí nínú rẹ̀. Frejon ṣe méjèèjì. Òfin yìí kò kan ọmọdé rárá. Àwọn tèmi lẹ́tọ̀ọ́ sí búrẹ́dì àti ẹyin láàárọ̀, mo sì ń fún wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ tó jí láàárọ̀ tó gbọ́ òórùn kànnáfùrù, tó rí i pé bàbá àti ìyá òun ò jẹun, tó sì mọ̀ pé ẹ̀wà tí òun fọwọ́ ara òun ṣà ló wà lórí iná, ó ti wọnú ọjọ́ náà láìsí pé ẹnikẹ́ni dá ààwẹ̀ fún un. Lọ́dún kan, ọmọ mi ọkùnrin dúró ti ìyá bàbá rẹ̀ nídìí gáàsì, ó ní, "Màmá, ṣebí òní ni wọ́n pa Jésù, kí ló wá dé tí wọ́n fi ń pè é ní ọjọ́ rere?" Màmá ò yíjú kúrò nínú ìkòkò. Wọ́n ní, "Àwa ló ṣe ní rere, ọmọ mi. Òun ló jẹ̀yà rẹ̀." Wọ́n wá na ọmọrógùn sí i pé kó gbà wọ́n, kó máa rò ó lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń sè é. Bí a bá ti ṣa ẹ̀wà tán lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, a ó rẹ ẹ́ sómi kó sùn mọ́jú. Àwọn kan ń lo ẹ̀wà dúdú, àwọ̀ rẹ̀ sì máa ń jinlẹ̀ bíi kòkó. Ẹ̀wà pupa ni ìyá ọkọ mi ń lò, òun náà ni mo sì ń lò.

Àgbọn ni olórí iṣẹ́. Kóńgò ẹ̀wà 2 ń fẹ́ àgbọn ńlá 6. Ẹni tó bá rò pé 3 tó, ẹ̀wà tí wọ́n da ṣúgà sí ni yóò jẹ, kò ní í jẹ frejon. Ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ń kó àgbọn bọ̀ láti Àgbádárìgì ni mo ti ń rà á, mo sì máa ń mú àwọn ọmọ dání. Mo ti kọ́ wọn bí a ti ń yàn án. Wọn ó gbé e sétí, wọn ó mì í. Bí omi inú rẹ̀ bá ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, ó dára. Wọn ó wo ojú mẹ́ta tó wà ní ìdí rẹ̀. Bí ojú náà bá tutù tàbí tó hu ewú, afẹ́fẹ́ ti wọ inú rẹ̀, á ti máa bàjẹ́. Lọ́dún tó kọjá, èyí tó pé ọdún 7 dá àgbọn 2 padà fún obìnrin náà fúnra rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ kó tó dá a padà, obìnrin náà sì pààrọ̀ wọn fún un láìjiyàn.

Ẹ̀yìnkùlé la ti ń fọ́ ọ. Ẹ̀yìn àdá ni a ó fi máa gbá a yí ká ìbàdí rẹ̀ títí yóò fi sán, abọ́ á sì wà nísàlẹ̀ láti gba omi rẹ̀. Nílé tiwa ní Ìjẹ̀bú, ọmọdé kì í mu omi àgbọn. Àwọn àgbà ní kì í jẹ́ kí ọmọ mọ̀wé, pé ó máa ń jẹ́ kí ọmọ gọ̀. Mo gbà á gbọ́ títí mo fi délé ọkọ. Ìyá ọkọ mi tó fi omi àgbọn tọ́ ọmọ 5, tí kò sí olódo kankan nínú wọn, ni wọ́n bu u fún àkọ́bí mi níwájú mi, èmi náà ò sì lè sọ̀rọ̀. Ní báyìí, ife kọ̀ọ̀kan ni ti àwọn ọmọ, owó iṣẹ́ wọn sì nìyẹn.

Èmi àti bàbá wọn ló ń fi ọ̀bẹ yọ àgbọn kúrò lára èèpo líle, torí ọ̀bẹ máa ń yọ̀. Lẹ́yìn náà ni èyí àgbà á gba ìrin. Rírin àgbọn kì í ṣe iṣẹ́ agbára, iṣẹ́ sùúrù ni, nítorí bí àgbọn bá ti ń kéré sí i lọ́wọ́ ni ìka ń sún mọ́ ojú ìrin. Ọdún tó kọ́kọ́ rin ín, ìrin ha á lóríkèé ìka. Ó fi ìka náà sẹ́nu, ó wo ojú mi bóyá màá gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò gbà á. Mo fi aṣọ wé ìka náà, mo sì sọ fún un pé kó fi èyí tó bá ti kéré jù sílẹ̀, pé ẹnu àwọn àbúrò rẹ̀ ló wà fún.

A ó wá bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí àgbọn rírin náà, a ó fi ọwọ́ pò ó, a ó dì í sínú aṣọ funfun mímọ́, a ó sì fún un. Ibí yìí ni ilé máa ń kún fún ariwo. Ọmọ kan á di orí aṣọ mú, èkejì á máa lọ́ ìdí rẹ̀, wàrà á sì máa ṣàn sínú abọ́, funfun báláú, tó ki. Èyí tó kọ́kọ́ jáde yìí la ó gbé pamọ́ sínú fíríìjì. A ó tún bu omi sí àgbọn kan náà, a ó fún un lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta. Wàrà èyí máa ń ṣàn, kò ki. Òun la ó fi se ẹ̀wà. Ìdí tí a fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé ọ̀rá pọ̀ nínú wàrà àkọ́kọ́, bó bá pẹ́ lórí iná tó ń hó gùdùgùdù, ọ̀rá náà á yà kúrò lára omi, á léfòó, frejon á sì máa rí bí ọbẹ̀ tó tú.

Ní aago 5 ìdájí ọjọ́ Ẹtì, mo ti gbé ẹ̀wà kaná. Omi lásán ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, bó bá ń gbẹ, wàrà tó ṣàn ni màá máa bù sí i. Mi ò ní í fi iyọ̀ sí i títí yóò fi rọ̀. Bí mo bá mú ẹyọ kan láàárín ìka méjì, tó fọ́ láìjanpata, ó ti tó. Ọlọ ni ìyá ọkọ mi fi ń lọ̀ ọ́ nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́. Blẹ́ńdà ni èmi ń lò. Lẹ́yìn náà la ó sẹ́ ẹ, kí èèpo ẹ̀wà lè kù sórí asẹ́. Ẹ má ṣe fo sísẹ́ yìí. Èèpo tó kù sínú rẹ̀ ló máa ń jẹ́ kó rí ṣákaṣàka lẹ́nu, ó sì yẹ kí frejon máa yọ̀ lọ lọ́nà ọ̀fun ni.

Ó padà sórí iná, iná tó rẹlẹ̀ gan-an. A ó so kànnáfùrù bíi 8 sínú àkísà mímọ́ kékeré, a ó jù ú sínú rẹ̀, kó má baà sí ẹni tí yóò fi eyín gé e. Ṣúgà á máa wọlé díẹ̀díẹ̀, iyọ̀ á jẹ́ fínńpín. Láti ìgbà yìí, a ò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀. Ẹ̀wà lílọ̀ máa ń sùn sí ìdí ìkòkò, ó sì máa ń jó kí èèyàn tó mọ̀. Lọ́dún kejì tí mo ń dá a sè, mo fi ìkòkò sílẹ̀ lọ gbé fóònù, kò tó ìṣẹ́jú 5, mo padà bá òórùn nínú ilé. Mo ti ki ọmọrógùn bọ̀ ọ́ láti họ ìdí rẹ̀ nígbà tí ìyá ọkọ mi di ọwọ́ mi mú. Wọ́n gbé ìkòkò mìíràn wá, wọ́n rọra da èyí tó wà lókè sínú rẹ̀, wọn ò fọwọ́ kan ìsàlẹ̀. Òórùn iná ṣì wà nínú rẹ̀ díẹ̀, gbogbo wa jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn ò sì sọ fún àlejò kankan pé èmi ló jó o. Láti ọdún náà ni mo ti pín ìdí ìkòkò láàárín àwọn ọmọ: ẹnì kan á ro ó títí tí èmi yóò fi ka 100, èkejì á gbà á. Àbíkẹ́yìn ni kò tíì gba ọmọrógùn, ṣùgbọ́n òun ló ń bá mi kà á, ó sì máa ń fo 60.

Bó bá ti ki, a ó da wàrà àkọ́kọ́ sí i, a ó rò ó, bó bá ti hó fẹ́ẹ́, a ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ojú ọmọdé kì í kúrò níbẹ̀ nígbà tí funfun náà ń yí lọ nínú ẹ̀wà títí méjèèjì fi di àwọ̀ kan. Ẹ má ṣàníyàn bó bá dà bí ẹni pé ó ṣàn jù. Á ki sí i bó bá ti ń tutù.

Ọbẹ̀ ẹja kò nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀: ata rodo kó pọ̀, tòmátì kó má pọ̀, kí ẹ dín ẹja díẹ̀ kó tó wọ ọbẹ̀. Ẹni tó bá lówó ìgbín lè fi kún un.

Wàrà àgbọn inú agolo wà ní ilé ìtajà ńlá, àwọn tó ń gbowó se frejon fún èèyàn náà sì wà. N kò ní bá ẹni tó dá wà nílé tàbí ẹni tó ti dàgbà jà lórí rẹ̀. Àmọ́ inú ilé tí ọmọdé bá wà, ó máa ń dùn mí bí mo bá rí agolo yẹn. Blẹ́ńdà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọlọ, kò sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ kankan, torí kò sí ẹni tó ń gbé ọmọ ọdún 7 sídìí ọlọ. Agolo gba mímì, ó gba fífọ́, ó gba rírin, ó gba lílọ́ aṣọ. Ohun tó kù fún ọmọ ni kó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n kí wọ́n pè é wá jẹun. Ní Bahia, bí wọ́n bá ń se caruru, ọbẹ̀ ilá elépo pupa, fún àwọn ẹni mímọ́ Cosme àti Damião tí wọ́n so pọ̀ mọ́ Ìbejì wa, ní ọjọ́ 27 oṣù September, àwọn ọmọdé 7 ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé oúnjẹ fún kí àgbà kankan tó jẹ. Àwọn tó kó ẹ̀wà oníwàrà bọ̀ sí Èkó mọ̀ pé ipò wà fún ọmọdé nídìí oúnjẹ ọdún, n ò sì fẹ́ kí ipò náà sọnù mọ́ mi lọ́wọ́.

Ohun kan tún wà nípa frejon tí mo fẹ́ràn: kò ṣeé tọ́jú pẹ́. Àgbọn wà nínú rẹ̀, oṣù March tàbí April sì ni Àjíǹde máa ń bọ́ sí, nígbà tí ooru ń mú tí òjò ò tíì rọ̀ dáadáa. Bí iná bá lọ, tí ẹ kò sì tún un gbé kaná lálẹ́, á ti kan kí ilẹ̀ tó mọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá se ìkòkò ńlá gbọ́dọ̀ gbé e jáde lọ́jọ́ náà gan-an. Lẹ́yìn ìsìn aago 3, abọ́ ọlọ́mọrí á tò sórí tábìlì wa bí ẹni tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó. Òbí ìrìbọmi àwọn ọmọ ní tiwọn, káfíńtà tó ń bá wa tún ilẹ̀kùn ṣe ní tirẹ̀, olùkọ́ ní tirẹ̀, Alhaja ilé kejì ní tiwọn. Àwọn ọmọ ló ń gbé e lọ. Mo máa ń kọ́ wọn ní ohun tí wọn ó sọ: "Ẹ káàsán mà. Màmá ní kí n kí yín, wọ́n ní kí ẹ gba frejon." Èyí tó jẹ́ obìnrin á kúnlẹ̀, ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀ lẹ́yìn tó bá gbé abọ́ sílẹ̀, kì í ṣe kó tó gbé e sílẹ̀. Ìyá ọkọ mi kì í gbà kí wọ́n sọ pé "ẹ kú ọdún" lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní ọdún ò tíì dé, ó di òru Sátidé.

Nípa ti Alhaja, kò sí ẹni tó ń béèrè pé kí ló pa Mùsùlùmí pọ̀ mọ́ oúnjẹ Gúdù Fúráídè. Nínú àwọn Àgùdà pàápàá, àwọn Mùsùlùmí wà tó padà láti Bahia. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894 ní Èkó, iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ Àgùdà ni, João Baptista da Costa. Bí Iléyá bá dé, ẹsẹ̀ àgbò ni Alhaja máa ń fi ránṣẹ́ sí wa, kì í ṣe egungun.

Ní 2022, 2023 àti 2024, Gúdù Fúráídè bọ́ sínú oṣù Ramadan. Ààwẹ̀ méjì pàdé ní ọgbà kan. Lọ́dún 2024, ọjọ́ 29 oṣù March ni, àkọ́bí mi sì ti fẹ́ gbé abọ́ Alhaja lọ pẹ̀lú ti àwọn yòókù nígbà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Mọ́mì, Alhaja ò tíì ṣínu." Kò sí ẹni tó rán an létí. Ó gbé abọ́ náà padà sínú kúlà, ó pa á dé, ó sì jókòó tì í. Nígbà tí wọ́n pe ìrun àṣálẹ́, ó gbé e, ó sáré gba ẹnu géètì lọ, àbúrò rẹ̀ ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja nínú abọ́ kékeré.

Wọ́n pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó dé. Alhaja ti fọ abọ́ méjèèjì, èyí ńlá ò sì ṣófo. Àkàrà gbígbóná 8 ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ sọ fún wa pé ọwọ́ àwọn fúnra àwọn ni àwọn fi dín in, pé epo tuntun ni, kò sí ẹran níbẹ̀.